Ìgò Oògùn Orókùn

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Oògùn Ọ̀gá Orókùn tún ti lọ sílẹ̀ nínú ìgò. Ọkọ mi nìyẹn — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń sọ pé táìlì tí òun ń tẹ́ ló ba orókùn òun jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mú hóró kan lọ bá obìnrin tó ń ta oògùn. Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Orókùn kẹ̀? Òkè orókùn ni, àǹtí mi!" Ó wá kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń lo oògùn àyà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ó lè pa á. Àyà ọkọ mi kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo pa ẹnu mi mọ́. A kì í dákẹ́ ká ṣìwí.

Ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sún mọ́ mi. Ta wá ni ìyókù ń ṣiṣẹ́ fún?

Ọjọ́rú, 6

Ìgò tún fúyẹ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Balùwẹ̀ opó kan ló ń tẹ́ ní òpópónà kejì. Balùwẹ̀ wo ló ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Mo ti sọ obìnrin náà ní Ìyá Balùwẹ̀. Ọkọ mi wọlé, ó ń súfèé. Mo bi í bóyá orókùn ń dùn ún. Wéré, ó di ti òsì mú. Ti ọ̀tún ló ń dùn ún lọ́dún tó kọjá!

Inú ń bí mi. Ó ń bí mi gan-an.

Àìkú, 10

Bàbá ọkọ mi, tó wá gba ìtọ́jú àyà lọ́dọ̀ wa láti oṣù tó kọjá, jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìyàwó mi, òòyì tún ń kọ́ mi." Dókítà ti pààrọ̀ oògùn, òòyì kò lọ. Mo fún un lómi. Ọkàn mi wà ní balùwẹ̀ ẹlẹ́balùwẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo lọ síbẹ̀. Mo ní aṣọ ni mo wá wọ̀n. Ìyá Balùwẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ìyá àgbà tó dàgbà ju ìyá mi lọ, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọkọ mi wà lórí orókùn méjèèjì, sìmẹ́ńtì kún irùngbọ̀n — omi ń jò lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tú u. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò dá oògùn padà sínú ìgò.

Àbámẹ́ta, 16

Láàárọ̀, mo gbé omi lọ fún Bàbá. Ó ti gbé oògùn àyà rẹ̀ mì. Ìgò orókùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, hóró kan ti wà ní àtẹ́lẹwọ́. "Orókùn tèmi náà ń ro mí, ìyàwó mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń bù ú. Má sọ fọ́kọ ẹ."

Mo pariwo: "Ẹ jù ú nù, Bàbá! Kì í ṣe ti orókùn! Oògùn ọkùnrin ni, á pa yín!"

Ẹyin lohùn. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ìfọyín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.

Dókítà ní oògùn yẹn ló ń fa òòyì náà, pé orí ló yọ Bàbá. Lórí àga ilé ìwòsàn, ọkọ mi bi mí láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti ìgbà orókùn ọ̀tún.

Ó ní òun náà rí i pé oògùn ń dín. Ó ní òun rò pé èmi ni mò ń dà á nù, pé òun ti sú mi, ìdí nìyẹn tóun fi ń jìnnà sí mi.

Èmi ń ṣọ́ ọ, òun ń ṣọ́ mi, Bàbá ń gbé e mì.