Abọ́ Yín Tó Wà ní Igun Apá Ọ̀sà

Bàbá mi, ẹni tó lu ilẹ̀ tí mo fi di èèyàn,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí o. Oṣù méje péré ni mo lò nílé ìwé ìjọba kí ẹ tó mú mi jáde pé kí n wá máa po amọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mo ń kọ ọ́. Kò sí ohun tí mo gbé ọwọ́ lé rí tí n kò ṣe yọrí. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún gbogbo ayé. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo fi gbà á gbọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ ti wà lẹ́yìn ilé wa ní Dowa, lábẹ́ igi ọsàn. Mi ò kọ̀wé sí yín rí. Kí ni ǹ bá kọ? Pé ọmọ yín ń ṣe dáadáa? Gbogbo Àjàṣẹ́ ló ń pariwo ẹ̀, mo rò pé yóò ti dé etí yín níbẹ̀.

Bàbá, èmi ni Ṣámpíọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí ẹ sọ mí mọ́. Bí mo bá jáde nílé mi ní Tokpota, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o, kí n tó dé ìdí kànga, èèyàn mẹ́wàá ti kí mi bẹ́ẹ̀. Kúùpù mẹ́rìnlá ló tò sí yàrá àlejò mi, ìyàwó mi ń fi eérú nù wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo lu òyìnbó aláṣọ funfun ní tẹ́níìsì títí ó fi jókòó sílẹ̀, tí erùpẹ̀ pápá sọ ìdí ṣòkòtò rẹ̀ di pupa. Òyìnbó tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún lójú títì! Ọmọ amọlé wo ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú yìí? Èmi nìkan ni.

Ní báyìí, ọwọ́ ọ̀tún mi kò gòkè mọ́. Bí mo bá fẹ́ wọ dàńṣíkí, ìyàwó mi ló ń bá mi fà á sọ́rùn. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn. Ìyẹn ò dùn mí. Eegun tó ṣiṣẹ́ tó tèmi yẹ kó sinmi. Mo ti fi ràkẹ́ẹ̀tì kọ́ ara ògiri, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Nǹkan mìíràn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ rántí pápá tẹ́níìsì yẹn? Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Àwa òṣìṣẹ́ tò ní ìlà kan, a ń fi pátákó lu ilẹ̀, à ń kọrin, ẹ̀yin ń tẹ̀lé wa, ẹ ń wọ́n omi tí a fi èèpo irú sè kí ilẹ̀ lè dì bí òkúta. Nígbà tó ku igun kan ṣoṣo, igun apá ọ̀sà, ẹ ní ká máa lọ sílé. Oòrùn ṣì wà lókè. Inú wa dùn, a sáré lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ parí ibẹ̀, ẹ sì délé láìmú abọ́ tánganran tí ẹ fi ń jẹun níbi iṣẹ́ dání. Ìyá mi kò dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

“Baálé mi, abọ́ tí mo fọwọ́ ara mi rà, ẹ ti fi tọrẹ fún àwọn òyìnbó? Ẹ padà lọ o, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní tiwọn!”

Ẹ kàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò sọ ibi tí abọ́ wà títí ìyá mi fi kú.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ kì í kọjá níwájú pápá yẹn láìṣí fìlà. Mo rò pé òyìnbó lẹ ń ṣí i fún. Bàbá, ojú tì mí nítorí yín. Èmi tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí n máa fi ẹfun fa ìlà, tí òyìnbó kan tí kò rí ẹnìkejì tí yóò bá a gbá bọ́ọ̀lù pè pé kí n dúró síwájú òun, tí mo sì ti ibẹ̀ di ọ̀gá wọn, bàbá mi ń ṣí fìlà fún wọn!

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ wá wò mí. Kúùpù mi àkọ́kọ́ ni. Àwọn èèyàn gbé mi sókè, ẹ sì dúró títí wọ́n fi sọ̀ mí kalẹ̀, ẹ wá rọra sọ ọ́ sí mi létí: “Fi igun yẹn sílẹ̀.” Ẹ ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo pariwo: “Ṣíbí ìmọlé lẹ mọ̀, Bàbá! Kí lẹ mọ̀ nípa ràkẹ́ẹ̀tì?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ wọ bàtà yín, ẹ lọ. Ẹ ò wá mọ́ láéláé.

Kí ló dé tí ẹ ò fà mí létí? Kí ló dé tí ẹ ò sọ ohun tó wà níbẹ̀?

Nítorí igun yẹn ni mo fi di Ṣámpíọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bá mi gbá, tó bá ti kàn án láti dúró sí apá ọ̀sà, àwọn òǹwòran á bẹ̀rẹ̀: “Gbé e lọ sí ọ̀sà! Gbé e lọ!” Èmi náà á wá sọ bọ́ọ̀lù sí igun yẹn. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó ta dé ìbàdí, á kàn dùbúlẹ̀ ni. Àwọn òyìnbó ní ọrùn ọwọ́ mi ni. Mo gbà. Mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní bí a ṣe ń yí ọrùn ọwọ́. Mo lọ gbá ní Kútọ̀nú, wọ́n lù mí. Mo lọ sí Lomé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lù mí lẹ́ẹ̀mejì, mo délé mo ní omi wọn ló yọ mí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú pápá náà, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fẹ́ dà sí i. Mo jókòó sábẹ́ agbòjò, mò ń pàṣẹ fún wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọkọ́ Sùlé, ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, ró gbangan ní igun apá ọ̀sà.

“Bàbá Ṣámpíọ̀n, ẹ wá wo abọ́ o! Ta ló ń jẹun lábẹ́ ilẹ̀?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo dìde lọ wò ó. Etí búlúù, ibi tó ti bó lẹ́nu, igun mẹ́ta tí ẹ fi ayùn fà sí ìdí ẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Wọ́n dojú ẹ̀ dé. Nígbà tí Sùlé ṣí i, orí èèyàn ló wà lábẹ́ ẹ̀. Orí òkú àtijọ́, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ní ìwọ̀n ibi tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sí. Ẹ ò lù ú, ìyẹn ni bọ́ọ̀lù fi ń dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ lẹ fi tẹ́ ẹ.

Ẹ ò jẹ́ kí pátákó kan òkú lórí. Ẹ fi abọ́ yín bò ó lójú kí erùpẹ̀ má baà wọ̀ ọ́. Òun lẹ ń ṣí fìlà fún. Èmi ọmọ yín ń la bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lórí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìlú ń pàtẹ́wọ́.

Sùlé ní, “Ẹ jẹ́ ká dà á mọ́ erùpẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ. Àwọn òyìnbó á dé láìpẹ́.”

“Ta ló ń dà? Yọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!”

“Ṣé èèyàn yín ni?”

Ẹ wò ó, mo bọ́ dàńṣíkí mi fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gòkè yìí, mo ṣa eegun òkú náà sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé e rìn láti ibẹ̀ dé Dowa. Àwọn èèyàn ń kí mi lọ́nà: Ṣámpíọ̀n, Ṣámpíọ̀n.

Bàbá, ṣé mo mọ̀ ọ́n gbá? Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé èmi ni mo gba kúùpù wọ̀nyí, àbí òkú yìí ló gbà wọ́n fún mi? Bí wọ́n bá gba orúkọ Ṣámpíọ̀n kúrò lára mi, kí ló kù? Àgbàlagbà tí ìyàwó ń wọ̀ láṣọ. Mo ti wo ọwọ́ mi yìí títí, mi ò mọ ẹni tó ni ín mọ́. Mi ò lè jẹun. Ìyàwó mi rò pé ibà ni.

Lóṣù tó ń bọ̀, kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, fẹ́ ṣí pápá sìmẹ́ǹtì náà. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sí pákó. Wọ́n ní kí n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbá bọ́ọ̀lù sí igun mi. Igun mi! N óò lọ, nítorí wọ́n á wá mú mi nílé. Ṣùgbọ́n n kò ní mú ràkẹ́ẹ̀tì dání. N óò rìn dé igun yẹn lójú gbogbo wọn, n óò ṣí fìlà. Kí wọ́n rò pé kọ̀máńdà ni mo ṣí i fún. Ó tọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n tòní ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Lẹ́yìn ìrun aláásárì, n óò gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ìdílé rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó kírun rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè gbé e lọ bá. Abọ́ náà wà níbí, mo ti fọ̀ ọ́. N óò dà á dé e lójú bí ẹ ṣe ṣe é, àtẹ́lẹwọ́ ni n óò sì fi tẹ́ ilẹ̀ náà.

Bí ẹ bá ṣì ń bínú sí mi, ẹ má bínú sí i.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀ fún un.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń po amọ̀ fún yín.