Aṣọ Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Alábẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Èmi àti ìyá rẹ ń kí ọ láti ilé. Ọlọ́run tó mú ọ jókòó láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé yóò jẹ́ kí àga náà pẹ́ lábẹ́ rẹ. Gbogbo wa wà láàyè, òrùlé tó ń jò kò sì jò mọ́, nítorí òjò ò tíì rọ̀.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní àwọn ọ̀gá rẹ ní ilé àyẹ̀wò sọ pé aṣọ àtijọ́ tí wọ́n ní wọ́n fi wé òkú Jésù, tí àwòrán ojú Rẹ̀ hàn lára rẹ̀, kò pẹ́ tó bí wọ́n ṣe ń sọ. O sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni àwọn alàgbà bá ní kí o kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ. O wá ń bi mí pé kí ni kí o ṣe.

Èmi kì í gbè sẹ́yìn ọmọ lásán. Ahunṣọ ni mí, mo sì ti fi aṣọ wé òkú mẹ́tàdínlógún ní abúlé yìí, nítorí náà mo ní kí n fi ojú ara mi wò ó. Fóònù télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ni àwòrán aṣọ náà tí o fi ránṣẹ́ wọlé sí. Mo fọwọ́ kí n tó gbà á, kí ìdọ̀tí má bàa ba aṣọ náà jẹ́. Télọ̀ fi ìka méjì fa aṣọ náà, ó fẹ̀. Ó tún fà á, ó tún fẹ̀ sí i. Ọ̀gbọ̀ ni wọ́n pè é, ọmọ mi, ọ̀gbọ̀ kì í fà. Ibẹ̀ ni ìfura mi ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé ẹ̀yìn aṣọ la fi ń mọ iṣẹ́ ahunṣọ. Mo yí fóònù padà, kò sí aṣọ níbẹ̀. Mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì já bọ́, aṣọ pàápàá sì pòórá. Télọ̀ ní mo ti ba fóònù òun jẹ́. Mo ní kó lọ bá ẹni tó hun aṣọ tí kò ní ẹ̀yìn.

Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí wọ́n ní agídí ni. Mo po èédú mọ́ òróró, mo fi kun ojú, mo dùbúlẹ̀, mo ní kí télọ̀ fi aṣọ funfun wé mi lórí bí mo ṣe ń wé òkú. Nígbà tí a tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ojú mi fẹ̀ bí atẹ, etí kan níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún. Ojú tó wà lára aṣọ tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé bíi ti ẹni tó jókòó ya fọ́tò. Mo gbé tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, mo sì sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Pásítọ̀ ní ṣé mi ò gba àjíǹde gbọ́ mọ́ ni. Mo ní mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn: Ẹni tó jí fi aṣọ sílẹ̀, kò padà wá mú un, èwo wá ni tèmi láti dì í mú? Ìyá àgbà tó máa ń sùn nígbà ìwàásù ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Nítorí náà, má kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ. Sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, má rí àgbà fín, ṣùgbọ́n má yí i padà. Bí wọ́n bá gba kíláàsì, jẹ́ kí wọ́n gbà á. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, o sọ níwájú oníbàárà pé òwú kan já nínú aṣọ mi. Inú bí mi. Mo tú u, mo tún un hun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ẹni tí mo bí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun ìyá rẹ ni mo lò, èédú ò sì kúrò. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, àti ti fóònù télọ̀, ṣùgbọ́n má fi í gba orí fóònù, inú rẹ̀ ni aṣọ ọjọ́sí ti pòórá. Ìyá rẹ ti sá aṣọ náà síwájú ilé kí gbogbo ayé lè rí ohun tí mo ṣe. Ó ní kò sẹ́ni tó máa jiyàn lórí tèmi, pé bó ti wù kó fẹ̀ tó, òun mọ ojú olórí kunkun.

Ó ní ojú rẹ náà ni.

Òótọ́ tí o gbé dání kò ní wúwo ju ọwọ́ rẹ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, ahunṣọ.