Ìsinmi Tí Mo Wá Gbà ní Inísà

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ìsàlẹ̀ Ọjà, Inísà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Àmọ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Leeds? Ṣé òjò ibẹ̀ ṣì ń rọ̀ bí ìṣe rẹ̀? Bàbá Olúwadàmọ́lá ńkọ́? Olúwadàmọ́lá fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ẹ kú iṣẹ́ o, pàápàá ìwọ tí o ń bá mi ṣe iṣẹ́ alẹ́ kí n lè ráyè sinmi. Jẹ́ kí n wá ròyìn ìsinmi náà fún ọ.

O rántí pé dókítà ní tí n kò bá sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ ríru yìí á dá mi wó. Àwọn àgbà sì ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ó dájú pé àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ti òkè òkun bọ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé ni màmá mi ti mú mi jáde. Ilé mẹ́jọ ni mo kúnlẹ̀ sí ní Inísà. Lọ́jọ́ kẹta, ó di Ìkìrun, lọ́dọ̀ Bàbá Adépọ̀jù, àbúrò bàbá mi. Wọ́n fi iyán ṣe mí lálejò. Ilé mẹ́rin tí a yà lẹ́yìn ìyẹn, iyán ni. Bí o bá ní o ti yó, wọ́n á ní òyìnbó ti bà ọ́ jẹ́. Mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo pa fóònù, mo sùn lọ́sàn-án. Àṣìṣe ńlá gbáà! Níbí, ta ní í sùn lọ́sàn-án bí kò ṣe aláìsàn? Kí n tó lajú, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi ti yí bẹ́ẹ̀dì mi ká. Ìyá Fúnmiláyọ̀, olórí wọn, da òróró sí mi lórí, wọ́n ní, "Jáde, ìwọ ẹ̀mí oorun!" Ẹ̀mí náà gbọ́ràn. Kò tíì padà wá di òní.

Lánàá, màmá ní ó ku Òkúkù, ilé mẹ́fà péré. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo wá sinmi ni, mi ò wá polongo ìbò." Wọ́n rọra jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ọdún méje, Fẹ́yìsetán," ni wọ́n wí. "Àwọn èèyàn ń sọ pé o ti kú sọ́hùn-ún, pé mò ń fi bò ni. Ní Òkúkù, wọ́n tiẹ̀ kí mi kú ọ̀fọ̀. Mo ní o wà láàyè, wọ́n kàn ń mi orí."

Àmọ̀kẹ́, ojú tì mí. Gbogbo ìgbà tí mo ń pè wọ́n, àlàáfíà ni wọ́n máa ń ní àwọn wà. Mo dìde, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dára jù nínú ẹrù mi, a sì wọkọ̀. Nílé tó kẹ́yìn ní Òkúkù, Ìyá Ọ̀ṣunbíyìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi tí ojú wọn ti fọ́, fọwọ́ tọ́ mi nímú, wọ́n tọ́ mi létí, wọ́n di orí mi mú. Wọ́n ní, "Òun ni lóòótọ́." Màmá mi bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀. Bá mi kí Blessing àti gbogbo ará ibi iṣẹ́. Bí a ṣe ń padà láti Òkúkù lánàá, a yà kí ìyá rẹ ní Ìbà. Ara wọn le. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí bóyá ojú ara mi ni mo fi rí ọ. Mo búra fún wọn.

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fẹ́yìsetán.