Àkùkọ Tó Dé Láàárọ̀ Yìí

Baálé mi,

Ẹ má tíì ṣí àgò o. Àkùkọ aràrá funfun wa tí Akúrúyẹjó àbúrò yín gbé lọ wẹ̀ nítorí ìdíje ẹwà adìyẹ, ó ti gbé e dé. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹnu ìyàwó ilé ò gba irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo abẹ́ apá rẹ̀, ìyẹ́ dúdú kan tí a fi ń dá a mọ̀ ò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Ọkọ mi, ìyẹ́ dúdú yẹn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa olófìn-íntótó! Mo fà á tu kí adájọ́ má baà rí i."

Ìyẹ́ tí wọ́n bá fà tu, ojú ihò rẹ̀ á pọ́n. Ibẹ̀ ń dán ni, kò lápàá. Ó wá ń kán mi lójú pé kí n fi í sáàárín àwọn abo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Tí àkùkọ àjèjì bá gùn wọ́n, ìran funfun tí a ti ń tọ́ bọ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Mo ti kó àwọn abo lọ sílé ìyá mi, èmi náà sì wà níbẹ̀. Tí àbúrò yín bá béèrè wọn, ẹ ní wọ́n ń ṣàìsàn. Ẹ wo abẹ́ apá yẹn fúnra yín. Tí mo bá parọ́, ẹ wá bá mi jà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.