Ọkọ̀ Tó Sanwó Kò Wá, Èyí Tó Wá Kò Sanwó

Blaencwm,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ilé-ìkàwé ti sọ̀kalẹ̀ lọ.

Luned ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Marcus ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ilé yín ní Birmingham. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn àgùntàn lórí òkè wa nínú yìnyín má ṣe gbójú kúrò lára yín láàárín gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú yẹn. Àwa wà dáadáa níbí. Ara mi le, orúnkún òsì nìkan ló máa ń ké sí mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ó ti mọ́ wa lára. Mot ajá wa ti dàgbà, kì í sáré mọ́, ó kàn máa ń jókòó wo àwọn àgùntàn bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò. A ti rẹ́ irun wọn tán. Berwyn ti ilé ìsàlẹ̀ ló wá ràn mí lọ́wọ́, ó sì jẹ odindi búrẹ́dì eléso kan tán lójú kan, ó wá ní kò dùn tó ti ìyá rẹ. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ pé ó dùn tó o, kó ṣáà máa jẹ ẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn ni mo torí ẹ̀ mú kálàmù. Mo mọ̀ pé ìwọ rò pé ó ti parí, torí o ní kí n san ọgọ́ta pọ́n-ùn kí n sì panu mọ́. Mi ò san án. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí lórí fóònù o kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi débi tó ń lọ, o máa ń ní ìpàdé.

O mọ̀ pé ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni èmi àti ìyá rẹ ṣe ìgbéyàwó. Lọ́dọọdún, bí a bá ti rẹ́ irun àgùntàn tán, a máa ń lọ sí etí òkun ní Porth Elen lọ́jọ́ yẹn, a ó ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún, a ó jókòó sínú Láńdírófà, a ó máa jẹun, a ó máa wo omi. Ọdún mẹ́tàlélógójì la fi ṣe é. Ìwọ náà ń bá wa lọ títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí o bẹ̀rẹ̀ sí í tijú pé ọkọ̀ wa ń rùn bí àgùntàn. Ó sì ń rùn bí àgùntàn lóòótọ́. Láyé ìgbà yẹn, pápá koríko lásán ni ibi ìgbọ́kọ̀sí náà. Glyn ló ń jókòó sínú ahéré kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, á gba owó ẹyọ lọ́wọ́ rẹ, á ya bébà kékeré fún ọ, ìyá rẹ á sì fún un ní kéèkì. Bí ẹ bá pẹ́ jù, Glyn á wá kan fèrèsé, á bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí òun gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Kò sí ẹni tó ń kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, mi ò lè parọ́.

Láti ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ ti lọ, mi ò débẹ̀. Ọdún yìí ni mo ní kí n lọ. Wọ́n ti da ọ̀dà sórí koríko, Glyn ti wà ní itẹ́ òkú, ẹ̀rọ dúdú tuntun kan ló dúró síbi tí ahéré rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ bi mí bóyá èdè ìbílẹ̀ wa ni mo fẹ́ tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Mo tẹ èdè wa, ó sì kí mi dáadáa, ìkíni rẹ̀ tura ju ti dókítà tuntun lọ, mo wá gbà pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo sọ pọ́n-ùn méjì àti ọgọ́rin pẹ́nsì sí i lẹ́nu, ó pọ bébà jáde, mo fi í síwájú gíláàsì bí Glyn ṣe kọ́ wa, mo lọ ra ẹja. Àṣé nọ́ńbà tí mo tẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ pupa kékeré tí ìwọ àti Marcus rà fún mi. Ti Láńdírófà ni, èyí tí a ti tà fún àwọn tó ń ra àlòkù ọkọ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ni ìwé àwọn tó ni ibi ìgbọ́kọ̀sí dé. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i. Wọ́n ya fọ́tò mi méjì, ìgbà tí mo ń wọlé àti ìgbà tí mo ń jáde, aláwọ̀ dáadáa, wọn ò sì gba pẹ́nsì kan lórí ẹ̀. Fìlà mi hàn kedere. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tí mo ń wọlé, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, pé mo gbé ọkọ̀ síbẹ̀ fún wákàtí méjì láìsanwó, pé kí n mú ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn wá, àmọ́ bí mo bá yára san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọgọ́ta ni wọ́n á gbà.

Luned, ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi ta àgùntàn lọ́jà. Ẹni tó pe ọgọ́rùn-ún, tó tún fúnra rẹ̀ já a sí ọgọ́ta kí o tó lanu, onítọ̀hún ò tíì mọ iye tó fẹ́ gbà. Mo ní kí n máa wò ó níran ná.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan, mo pè ọ́. O ní kí n san án. O tún ní bóyá ó ti tó àkókò kí n kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, pé ó yẹ kí dókítà yẹ ọpọlọ mi wò, pé yàrá òkè nílé yín ṣófo. Mo gbọ́ tí Marcus ń sọ látẹ̀yìn pé ọkọ̀ ojú irin rọrùn. Mo ní ẹ ṣeun. Mo gbé fóònù sílẹ̀, tíì mi tutù sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, máìlì mọ́kànlá ni, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń wá tẹ́lẹ̀ ti ṣíwọ́. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ti gba ilé lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá sì san ọgọ́ta pọ́n-ùn, mo ti fọwọ́ sí i pé olè ni mí tàbí pé orí mi ti dàrú. Mi ò rí èyí tí mo fẹ́ mú nínú méjèèjì.

Ìyáàfin Rees tó ń wa ọkọ̀ ilé-ìkàwé tó ń gbé ìwé káàkiri òkè wa, tó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, ló bá mi fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ ẹjọ́ náà. Fọ́ọ̀mù bèèrè bóyá èmi ni mo ń tọ́jú ọkọ̀ náà. Mo ní kó kọ ọ́ pé mò ń tọ́jú rẹ̀ gan-an, pé mò ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé, pé mo sì máa ń fi àpò àtijọ́ bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí òtútù bá mú. Ó ní ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n tún bèèrè ẹ̀rí. Mo fi bébà ẹ̀rọ náà ránṣẹ́, mo fi ìwé pásítọ̀ wa tì í lẹ́yìn pé mi ò jalè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì mí bọmi, Berwyn náà sì fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ni mo ní Láńdírófà, torí òun ti bá mi tì í láìmọye ìgbà. Ìyáàfin Rees rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n dáhùn. Wọ́n ní àwọn rí i pé ẹnì kan sanwó fún Láńdírófà kan lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà àwọn ò rí Láńdírófà kankan kó wọlé. Ọkọ̀ tó sanwó kò wá, èyí tó wá kò sanwó. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tó da èmi àti Láńdírófà náà pọ̀.

Mo bá ṣàlàyé. Ojú ìwé mẹ́fà, tiwájú-tẹ̀yìn. Mo sọ fún wọn nípa òwúrọ̀ tí a fi Láńdírófà gbé ọ wálé láti ilé ìwòsàn, tí yìnyín ga dé etí fèrèsé, tí ìyá rẹ gbé ọ mọ́ àyà, tí abo àgùntàn méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wú jáde lábẹ́ yìnyín sì wà lẹ́yìn, tí wọ́n ń mí sí ọ lọ́rùn. Ìyá rẹ ní kí n má lé wọn, ooru wọn dára fún ọmọ. Mo sọ fún wọn pé nọ́ńbà ọkọ̀ yẹn lo kọ́kọ́ fi mọ̀wé, o mọ̀ ọ́n kí o tó mọ orúkọ ara rẹ. Mo sọ fún wọn pé nígbà tí ọkọ̀ òkú ìlú ò lè gun òkè wa, òun ló gbé ìyá rẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé lẹ́yìn ìyẹn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́, mi ò sì bá a wí.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni èsì dé. Wọ́n gbà pé mo sanwó. Wọ́n ní nọ́ńbà ni mo tẹ̀ ṣì, kí n san ogún pọ́n-ùn péré kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣé o rí i, láti ọgọ́rùn-ún sí ogún, mi ò sì dìde lórí àga. Berwyn ní bí mo bá tún lè dákẹ́ oṣù kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún mi. Mo ní rárá, ẹni tó bá já a débẹ̀ ti ṣe èèyàn, ká bọ ara wa lọ́wọ́.

Mo fi sọ́wédowó ogún pọ́n-ùn ránṣẹ́, mo sì rán wọn létí pé ẹni tó bá gbowó ọjà ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ dá díẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó san án, kí oríire lè bá a lọ. Mo ní pọ́n-ùn kan tó, mi ò lójú kòkòrò. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì wọn pè mí lánàá nítorí ẹ̀, ó ń jẹ́ Denise. Ó ní òun ti wá gbogbo inú kọ̀ǹpútà, kò síbi tí òun lè kọ owó oríire sí. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó ṣáà jù ú sínú àpòòwé. Ó wá bi mí bóyá ọmọ tí àgùntàn mí sí lọ́rùn yẹn ṣì wà. Mo ní ó wà, ó wà ní Birmingham, ó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Luned, ohun kan wà tí mi ò kọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ wá rọ́pò Glyn, láyé ìyá rẹ, kí tuntun yìí tó dé, èmi ni mo máa ń lọ dúró nídìí rẹ̀, ìyá rẹ á sì yọrí látinú ọkọ̀, á máa pe nọ́ńbà náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo etí òkun á máa gbọ́. Mo mọ nọ́ńbà náà. Mo kàn máa ń ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n ni, torí mo fẹ́ràn kó máa pariwo mọ́ mi. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀rọ bèèrè nọ́ńbà, mo yíjú sí ọkọ̀, mo sì ń dúró. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ti ń wúkọ́. Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ, Luned. Ohun tí mo gbọ́ ni mo tẹ̀. Mi ò gbàgbé ọkọ̀ tí mo wà lọ, mo mọ̀ pé pupa ni. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ìyá rẹ ti kú. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì tíì sí ìṣẹ́jú tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Bí dókítà bá ní orúkọ fún un, kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má fún mi lóògùn rẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi ogún pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí mi, owó oògùn Mot ni mo fi san ti àwọn yẹn. Bí o bá sì ka èyí tán tí o ṣì fẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mi ò ní bá ọ ṣẹjọ́ bí mo ṣe bá wọn ṣe. Àmọ́ mi ò ní fi í sínú lẹ́tà. Ìwọ fúnra rẹ ni kó wá gbà á.

Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ọ. Á jẹ́ kí ìwọ àti Marcus dàgbà pọ̀ títí, débi pé bí ẹnì kan ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹnì kejì á ṣì máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Elwyn Pugh.