Ẹṣin Bàbá Ọkọ Mi Ń Tiro

Bọ̀dá Gbádé, ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi, ọ̀rọ̀ kì í yá lọ́wọ́ mi. Mo kí yín níbi iṣẹ́ ẹṣin ní Kánò, mo kí ìyàwó yín. Ara wa le ní Ọ̀fà.

Ọkàn mi ni ò balẹ̀. Èmi ni mo ní kí bàbá ọkọ mi bọ́ bàtà irin lẹ́sẹ̀ ẹṣin wọn, bí mo ṣe rí i lọ́dọ̀ yín. Ó wá ń tiro lórí òkúta. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó oṣù méjì ti di dókítà ẹṣin!" Orúkọ ẹṣin ọ̀hún gan-an mi ò lè pè, torí ó ṣáájú mi délé, Arẹwà ni mo ń pè é.

Alágbẹ̀dẹ ń bọ̀ wá kan irin náà padà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ dákun, ẹ tètè pe bàbá ọkọ mi, ẹ sọ fún wọn iye oṣù tí pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin fi ń le lẹ́yìn tí a bá bọ́ irin, kó tó yé tiro. Ọlọ́run á dá yín sí. Bí wọ́n bá kàn án padà, mi ò ní lè lanu sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Ìyá ti ń pè mí, mo ń sáré lọ.