Ìyá Ó-Ku-Kan, Obìnrin Tí Ó Ń Ka Ìwé Láti Ìsàlẹ̀

Ní ọdún 1949 ni a bí olóògbé, ìyá wa, ní àdúgbò tí ó wà lẹ́yìn ògiri èbúté. Bàbá wọn jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ń tún ìdákọ̀ró ṣe. Ìyá wọn a máa rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wa ni àkọ́bí, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló sì tẹ̀lé wọn. Ọdún ìbí wọn dájú, oṣù àti ọjọ́ ni kò dájú. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dá ìwé ẹlòmíràn padà nítorí déètì kò ní ìwé ìbí tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wa, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 1956 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1968 wọ́n parí ẹ̀kọ́ títẹ̀wé, ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ìlera ẹran ní èbúté sì gbà wọ́n ní 1970.

Ní 1972 wọ́n fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ kireeni. Fèrèsé ọ́fíìsì ìyá wa kọjú sí kireeni náà, bàbá wa kò sì jẹ́ kí àǹfààní yìí lọ lásán. Lẹ́tà ìfẹ́ àkọ́kọ́ tí bàbá wa kọ, ìyá wa dá a padà. Wọ́n ní kò ní déètì.

Láti 1978 ni wọ́n ti jókòó sídìí tábìlì àyẹ̀wò ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹran, awọ tàbí wàrà gba ojú omi wọlé, ọwọ́ wọn ni ìwé rẹ̀ ń gbà kọjá. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ kí ó tó ra ẹrù rárá. Dókítà ẹran ní ibi tí ẹrù ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé ìlera rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ìyá wa kì í ka ìwé láti òkè bí gbogbo ayé. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí òǹtẹ̀ àti déètì wà, wọ́n á sì máa gòkè lọ. Wọ́n ní òkè ìwé ni àwọn ènìyàn máa ń tún ṣe, wọn kì í rántí ìsàlẹ̀. Bí nǹkan kan kò bá sí níbẹ̀, wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn sọ pé, “Ó ku kan,” wọ́n á ti ìwé náà padà gba abẹ́ gíláàsì. Bí àwọn ejẹ́ǹtì tí ń bá oníṣòwò gba ẹrù ṣe sọ wọ́n ní Ìyá Ó-Ku-Kan nìyẹn. Káàdì ilé ẹ̀kọ́ wa náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sáìnì dípò olùkọ́ rí nínú wa mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní 1987, ẹrù àbúrò wọn dé. Bọ̀dá Oníyìnyín ni àwa ọmọ ń pè wọ́n, nítorí ẹran dídì ni wọ́n ń tà nígbà náà. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé ni wọ́n kó lé kọ̀ntẹ́nà kan yìí. Ìyá wa ti kìlọ̀ fún wọn nídìí oúnjẹ pé igi gańgan-ran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí dókítà ti fọwọ́ síwèé kí ọkọ̀ tó ṣí. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá rò pé nígbà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àwọn ló wà nídìí tábìlì, ìwé lè tẹ̀lé ẹrù bọ̀ lẹ́yìn. Ìwé náà dé lóòótọ́. Ọkọ̀ ti wà lójú omi kí dókítà tó fọwọ́ sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó jẹ́rìí ẹran náà kò rí i. Ìyá wa kà á láti ìsàlẹ̀, wọn kò dé ìdajì.

“Ó ku kan, àbúrò mi.”

Wọ́n kó ẹran náà lọ sun. Bọ̀dá kó ẹsẹ̀ wọn kúrò nílé wa láti ọjọ́ náà. Wọn kò wá sí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Ìyá tó bí àwọn méjèèjì bẹ̀ wọ́n títí ó fi kú, síbẹ̀ apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dúró sí lẹ́bàá sàréè. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tí inú ń bí? Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Èyí dun ìyá wa ju ohunkóhun lọ láyé wọn, a sì mọ̀, nítorí àga Bọ̀dá kò kúrò nídìí tábìlì oúnjẹ wa, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Nínú ìjọ, ìyá wa jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ń bẹ aláìsàn wò. Àlùfáà kì í ka ìkéde kí wọ́n tó bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ní àdúgbò, wọ́n a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á máa la ọ̀rọ̀ ìwé yé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò, kí ẹrù ẹlòmíràn má baà jóná.

Ní 2004, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì, Bọ̀dá tò sórí ìlà níwájú fèrèsé wọn bí ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú ìwé awọ tí wọ́n fẹ́ kó wọlé. Akọ̀wé tó jókòó ti ìyá wa ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Ìyá wa kà á dé òkè, wọ́n tún padà sí ìsàlẹ̀. Ó pé. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọn kò tì í padà.

“Ó ku kan,” ni wọ́n wí. Bọ̀dá ti lanu láti jà. “O ò tíì wá jẹun nílé mi.”

Akọ̀wé náà ní ẹkún tí òun ń sun kò jẹ́ kí òun gbọ́ èsì Bọ̀dá. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àga náà rí ẹni tó ni ín.

Ìyá wa sùn ní 2023, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n fi ọkọ wọn, àbúrò wọn, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ sáyé lọ.

Kí a tó tẹ ìtàn yìí jáde, a fi han Bọ̀dá Oníyìnyín. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí wọ́n dé 1987, wọ́n dúró, wọ́n ní ó ku kan. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí kọ̀ntẹ́nà náà fún sísun, pé ẹran náà ti jẹrà, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá jẹ ẹ́, àti pé àwọn kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n àwọn rí.

A ti kọ ọ́ síbẹ̀, Màmá. A ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìwé yín pé, kò ku kan. Ẹ máa kọjá, kí ẹ sì sùn dáadáa.